Ẹ Má Da Èérí Bíà Nù Mọ́: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Pọn Ọtí Nílé ní Manchester

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú òjò.

Púpọ̀ nínú yín mọ̀ mí. Èmi ni màmá tó wá láti Iléṣà wá tọ́jú ọlọ́mọ tuntun, tí ẹ máa ń kí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná nígbàkígbà tí ìpàdé yín bá bọ́ sí ilé ọmọ mi. Ẹ ti jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́ mi, mo ti tọ́ bíà yín wò, ẹ sì ń dọ̀bálẹ̀ fún mi bí ẹni pé èmi ni mo bí gbogbo yín. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú padà sílé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ sí gbangba ni, torí ọmọ mi sọ fún mi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ yín wà ní Houston, wọ́n wà ní Lẹ́kkí, àwọn náà sì ń ṣe bí ẹ ti ń ṣe.

Èérí ọkà tó ń kù lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba omi dídùn rẹ̀ tán ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Sátidé àkọ́kọ́ tí mo dé ni mo ti rí i. Ọmọ mi da kílò márùn-ún ọkà báálì tí wọ́n ti mú hù, tí wọ́n ti sá gbẹ, tí wọ́n sì ti fọ́ wẹ́wẹ́, sínú omi gbígbóná. Ó ń fi tẹmómítà wò ó kí ó má bàa kọjá 66°C, ó bò ó fún wákàtí kan. Lẹ́yìn ìyẹn ó gbé àpò aṣọ tí ọkà wà nínú rẹ̀ sókè, ó jẹ́ kó ro dáadáa. Omi tó ro yẹn ló gbé padà sórí iná. Ọkà ńkọ́? Ó dà á sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, ó ta á ní kókó, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn de àwọn tó ń kó pàǹtí. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Ó ní, "Màmá, ó ti parí iṣẹ́ ẹ̀."

Mo tú kókó náà. Ooru rẹ̀ gbá mi lójú, òórùn rẹ̀ sì dà bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìkòkò ẹ̀kọ lórí iná ní ìdájí. Mo bu díẹ̀ sẹ́nu. Adùn díẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀, inú rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀gbo tó jinná, èèpo rẹ̀ nìkan ló kù sí mi láhọ́n. Mo mú òṣùwọ̀n tí mo fi wọn báàgì mi kí n tó wọ bàálù, mo fi gbé láílọ́ọ̀nù náà kọ́: kílò méje àti díẹ̀. Ẹ̀yin mẹ́sàn-án lẹ wà nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹnì kọ̀ọ̀kan yín sì ń pọn ọtí lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó kéré tán. Bí ẹ bá ro ó pọ̀, ohun tí ẹ ń gbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn lóṣù kan ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ.

Kí ẹ tó ní ti ayé àtijọ́ ni màmá ń sọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti ń bọ̀.

Ògì ni ìyá mi ń ṣe tà. Bí ọdún bá ń súnmọ́lé, a máa ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Wọ́n á rẹ àgbàdo sómi, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ewé kó hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá fi í sílẹ̀ kó kan. Iṣẹ́ kan náà ni pẹ̀lú tiyín. Ọkà ló yàtọ̀, àti òdòdó hops tí ẹ̀yin ń fi sí i kó lè korò. Ohun tó bá kù lórí asẹ́, yálà ti ògì ni o tàbí ti ọtí, èérí là ń pè é, èérí sì ní olówó. Ẹ bi àwọn ìyá yín wò bóyá wọ́n mọ ẹnì kan tó ń ṣe ògì tó sì ń da èérí nù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko bá ti gbẹ, àwọn tó ń sin ewúrẹ́ á ti gbé abọ́ wọn wá sílẹ̀ lọ́wọ́ alẹ́ kí ìyá mi tó bẹ̀rẹ̀ sí sẹ́ ògì. Mo ti rí obìnrin méjì tí wọn kò kí ara wọn fún oṣù kan gbáko nítorí abọ́ èérí kan.

Nígbà tí èmi náà dá dúró, ẹlẹ́dẹ̀ ni mo sìn. Iléṣà ti ní ilé-iṣẹ́ bíà láti 1978, èérí ọtí kò sì ṣàjèjì sí ọlọ́sìn kankan lágbègbè wa. Aago márùn-ún ìdájí la ti máa ń dúró de ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀. Ní 1988, ìjọba fòfin de kíkó báálì tí a mú hù wọ Nàìjíríà, àwọn ilé-iṣẹ́ ọtí wá kọjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Èérí tí a ń rà náà yí padà. Ó kúnná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ọkà bàbà kò ní èèpo líle tí báálì ní. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ mi jẹ tọ̀hún, wọ́n jẹ èyí. Tí wọ́n bá sá a gbẹ, BDG ni àwọn tó ń ta oúnjẹ adìẹ ń pè é, ẹ fóònù sílé lónìí kí ẹ béèrè iye tí àpò kan jẹ́. Owó ni mo fi ń ra ohun tí mo bá lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọmọ mi yẹn.

Ọmọ mi sọ fún mi pé títí di 1963, ẹni tó bá fẹ́ pọn bíà nílé rẹ̀ ní ìlú yìí gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, ọdún yẹn ni wọ́n tó mú un kúrò. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tí ọwọ́ àwọn apọntí inú ilé ti tú. Wọ́n ti kọ ìwé lórí omi, lórí hops, lórí ìwúkàrà. Ọmọ mi ní odindi pẹpẹ kan tó kún fún irú ìwé bẹ́ẹ̀. Mo ní kó ka ibi tí wọ́n ti sọ ti èérí fún mi, ìlà méjì péré ló rí.

Kí ló wà nínú èérí yìí gan-an? Omi gbígbóná yín, ṣúgà ló wá, ṣúgà ló sì kó lọ. Ó fi purotéènì sílẹ̀, ó fi èèpo sílẹ̀, ó fi òróró díẹ̀ sílẹ̀. Tí ẹ bá gbé e gbẹ, bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ni purotéènì, ó tilẹ̀ lè súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì ni èèpo tó ń bá inú ṣiṣẹ́. Nínú ilé-iṣẹ́ ńlá, bíà ọgọ́rùn-ún lítà a máa fi bí kílò ogún èérí tútù sílẹ̀. Tiyín nínú ilé tún ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹ̀rọ yín kò fún un tó tiwọn.

Ṣùgbọ́n nínú kílò méje tí mo wọ̀n yẹn, ó ju kílò márùn-ún lọ tó jẹ́ omi. Omi yìí ni ọ̀tá. Èérí gbóná, ó rin gbindin, ó ní adùn lára, kí ni ohun tó ń bà á jẹ́ tún ń wá? Èmi tí mo mọ èérí láti kékeré, ó já mi kulẹ̀ níbí. Mo gba tọjọ́ náà lọ́wọ́ ọmọ mi, mo dà á sínú bàsíà, mo fi aṣọ bò ó, mo gbé e sí ẹ̀yìnkùlé. Mo rò pé òtútù ìlú òyìnbó á bá mi tọ́jú ẹ̀. Ọmọ ń ṣàìsùn, mo gbàgbé. Ọjọ́ kẹta tí mo ṣí i, òórùn èébì ló kọlù mí. Gbogbo àárín ẹ̀ gbóná bí ẹni tí ibà ń ṣe. Kò sí ohun tí mo lè fi ṣe mọ́. Nílé, ẹlẹ́dẹ̀ á ti jẹ ẹ́ tán kó tó di ọ̀sán, èmi kò fìgbà kankan ní ìdí láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀ pẹ́.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń bẹ̀ yín sí ni wákàtí. Ọjọ́ tí ẹ bá pọn ọtí náà ni kí ẹ ti tọ́jú èérí. Ẹ ní wákàtí kan gbáko tí ọtí yín fi ń hó lórí iná tí ẹ kàn ń dúró tì í, tí ẹ ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ẹ fi wákàtí yẹn ṣe é.

Èyí tó rọrùn jù ni fìrísà. Ẹ fún un dáadáa nínú àpò rẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ wọ̀n ọ́n ní ife méjì-méjì sínú láílọ́ọ̀nù, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ bí ìwé kó lè tò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń tètè yọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó. Ẹ kọ déètì sí i lára.

Èkejì ni gbígbé e gbẹ. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí tíréè ófùn, kó má nípọn ju ìka kékeré lọ. Ẹ fi ófùn sí bí 80°C, ẹ fi ṣíbí onígi há ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ooru omi lè ráyè jáde, ẹ máa yí i padà ní wákàtí-wákàtí. Ó lè tó wákàtí mẹ́fà tàbí méje. Mo mọ̀ pé iná ìlú yìí wọ́n, ọmọ mi fi bíìlì hàn mí. Ohun tí mo wá ń ṣe ni pé tí a bá ti yan nǹkan tán nínú ófùn, mo máa ń ti tíréè èérí bọ inú ooru tó kù, mo á tún fi í sínú òmíràn lọ́jọ́ kejì. Ẹ máa mọ̀ pé ó ti gbẹ tí ẹ bá kó o lọ́wọ́ tó ń dún ṣákáṣáká bí ewé inú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wá lọ̀ ọ́ nínú bílẹ́ńdà tí ẹ fi ń lọ ata gbígbẹ, ẹ sì sẹ́ ẹ. Ẹ má fo sísẹ́ yẹn o. Èèpo báálì gún, ọ̀nà ọ̀fun lẹ máa ti mọ̀. Ohun tó bá wọ inú abọ́ ni ìyẹ̀fun yín, inú ike tó dé dáadáa ni kó wà. Ohun tó kù lórí asẹ́ náà, mo ń bọ̀ wá sórí ẹ̀.

Búrẹ́dì ni mo kọ́kọ́ fi ṣe. Mo dá ìdajì èérí pọ̀ mọ́ ìdajì fúláwà, ó jáde bí bíríkì, kò wú rárá. Mo bi ara mi léèrè kí ló fà á, nígbà tí mo pò ó lẹ́ẹ̀kejì ni mo rí i: èèpo yẹn ń gé fúláwà níbi tó ti yẹ kó fà, afẹ́fẹ́ tí ìwúkàrà ń mú jáde kò sì ríbi fara pamọ́ sí. Ìwọ̀n tó wá bá mi lára mu nìyí: gíráàmù 425 fúláwà búrẹ́dì, gíráàmù 75 ìyẹ̀fun èérí, sáṣẹ́ẹ̀tì ìwúkàrà kan, ṣíbí tíì kan àtààbọ̀ iyọ̀, ṣíbí oyin kan, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bíi mílílítà 350. Èérí máa ń fa omi, ìdí nìyẹn tí omi náà fi pọ̀ díẹ̀. Ẹ pò ó títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, ẹ bò ó kó wú fún wákàtí kan àtààbọ̀, ẹ ká a, ẹ tún jẹ́ kó wú díẹ̀ sí i, ẹ yan án ní 220°C fún ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Àwọ̀ rẹ̀ á dà bí ti ẹ̀pà yíyan. Lọ́jọ́ tí ọmọ mi pọn bíà dúdú, mo fi èérí rẹ̀ ṣe é, búrẹ́dì náà ṣókùnkùn, ó sì korò díẹ̀ bíi kọfí. Fún irú ọkà yíyan bẹ́ẹ̀, ìdajì ìwọ̀n yẹn ti tó. Ọkà báálì kan náà ni Rúùtù ń pèéṣẹ́ lóko Bóásì. Mo ń rò ó ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń po ìyẹ̀fun yẹn, obìnrin àlejò tó ń ṣa ohun tí àwọn olókorè fi sílẹ̀ kó lè bọ́ ìyá ọkọ rẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi nínú jù ni àádùn. Ẹ rántí èyí tí ẹ jẹ lóṣù Keje, tí àwọn méjì nínú yín tún béèrè bóyá ó kù? Èérí yín ló wà nínú ẹ̀. Ife méjì ìyẹ̀fun àgbàdo yíyan, ife kan ìyẹ̀fun èérí tí mo tún yan nínú páànù gbígbẹ títí òórùn rẹ̀ fi gbalé, ata gígún, iyọ̀, epo pupa tó fi lè dì mọ́ra. Mo ń fi epo sí i díẹ̀díẹ̀, mo ń fi ọwọ́ mú un wò, torí bí epo bá ti pọ̀ jù, kò sí àtúnṣe. Adùn tó kù nínú báálì yẹn bá epo àti ata mu débi pé n kò fi oyin sí i. Mo gbìyànjú àkàrà náà, n kò ní fi gbà yín nímọ̀ràn: èérí á mu òróró bí kàn-ìn-kàn-ìn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa sọ fún ẹni tí ẹ bá fún. Báálì ní gluten nínú, àwọn kan sì wà tí ìfun wọn kò gbà á rárá. Kó má jẹ́ pé inú rere yín ló máa gbé èèyàn dé ọsibítù.

Ẹni tó ní ajá nínú yín, mo ti rí i tó ń ju èérí sí i. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa lórí hops. Májèlé ni hops fún ajá. Ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí gbóná, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, ooru náà sì lè pa á. Èérí tí ẹ yọ kí hops tó wọlé kò ní wàhálà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó sùn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò lẹ́yìn tí ẹ ti sè é pẹ̀lú hops ni ajá kò gbọ́dọ̀ fojú kàn. Ẹ má jù ú sí ibi tó ti lè fi ìmú tú u. Fún bisikíìtì ajá, ife méjì èérí tútù, ife kan àtààbọ̀ fúláwà, ẹyin kan, ṣíbí ẹ̀pà lílọ̀ mẹ́ta. Ẹ ka ara ìgò ẹ̀pà náà kó má jẹ́ èyí tí wọ́n fi xylitol sí, ohun tí wọ́n fi ń mú nǹkan dùn dípò ṣúgà, ìyẹn náà ń pa ajá. Ẹ gé e, ẹ yan án, ẹ wá gbé e gbẹ pátápátá kó má bàa hu.

Ó kan ọ̀rọ̀ adìẹ, ibẹ̀ ni ọkàn mi ti bàjẹ́ díẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé aládùúgbò wa ń sin adìẹ mẹ́rin, mo ti bu èérí sínú abọ́, mo ti dé ẹnu géètì kí ìyàwó ọmọ mi tó sáré tẹ̀ lé mi. Òfin ìlú yìí kò fàyè gbà á. Ohunkóhun tó bá ti gba inú ilé ìdáná ènìyàn kọjá, wọn kò gbọ́dọ̀ fi bọ́ adìẹ, ẹlẹ́dẹ̀, àgùntàn tàbí màlúù, ì báà ṣe adìẹ méjì tí èèyàn ń sìn ṣeré lẹ́yìnkùlé, àyàfi ilé tí ohun tó ti ara ẹranko wá kì í wọ̀ rárá. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọtí lè ta tiwọn fún àgbẹ̀, torí wọ́n forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Tiyín tí ẹ sẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ti ń gé ẹran, àgbàdo inú ìgò ni fún adìẹ ìlú yìí.

Mo kọ́kọ́ bínú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ní 2001, àrùn tó ń mú ẹran lẹ́nu àti lẹ́sẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé oko ẹlẹ́dẹ̀ kan ní Heddon-on-the-Wall ní Northumberland, níbi tí wọ́n ti ń fi àjẹkù tí wọn kò sè bọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹran tí wọ́n pa kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn kò nílò àlàyé púpọ̀ fún mi. Nígbà tí ibà ẹlẹ́dẹ̀ wọ ìpínlẹ̀ wa, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni mo sin mẹ́tàlélógún, mo sì jókòó lórí òkúta lẹ́nu ọgbà, n kò lè wọlé. Mo gbé abọ́ èérí mi padà. Ẹ bá mi sọ fún àwọn tí kò mọ̀ nínú yín, torí mo gbọ́ tí ẹnì kan ń ṣèlérí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun á máa kó tòun wá fún adìẹ rẹ̀.

Ilẹ̀ ò kọ̀ ọ́ ní tiẹ̀. Ohun tó kù lórí asẹ́, èyí tó bá bàjẹ́, èyí tó bá pọ̀ jù fún fìrísà, ẹ sọ ọ́ di ajílẹ̀. Kí ẹ má kàn dà á jọ síbì kan ni o, á rà, á yọ̀, èkúté á sì gbọ́. Abọ́ kan èérí sí abọ́ méjì tàbí mẹ́ta ewé gbígbẹ tàbí páálí tí ẹ fà ya, ẹ pò wọ́n pọ̀, ẹ fi ewé bo orí rẹ̀, ẹ máa fi fọ́ọ̀kì yí i ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Ẹ tọwọ́ bọ àárín rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin, ẹ máa yára fà á yọ, bó ṣe ń gbóná tó nìyẹn. Ẹ má fi èérí tútù sí ìdí ẹ̀fọ́ tààrà, á kan, á sì jó o. Èyí tí mo ṣe sẹ́bàá fẹ́ǹsì ọmọ mi ti ń dúdú, ekòló ti wọ̀ ọ́. N kò ní sí níbí nígbà tó bá jinná, ṣùgbọ́n èso tẹ̀tẹ̀ tí mo mú bọ̀ wà nínú àpò ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìyàwó ọmọ mi ló ni ín.

Mo gbọ́ pé olú máa ń hù lórí rẹ̀ dáadáa tí wọ́n bá pò ó mọ́ ìyẹ̀fun igi, tí wọ́n sì fi ooru pa ohun tó wà lára rẹ̀ kí wọ́n tó gbin olú sí i. N kò ṣe é fúnra mi, ẹ̀yin tí ẹ ń fọ ìgò bí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ni irú rẹ̀ yẹ. Ọṣẹ dúdú ni mo ṣe. Mo rẹ̀ ẹ́, mo po ẹ̀kúnwọ́ èérí tó gbẹ, tó kúnná, mọ́ ọn, ó sì ń ha ẹsẹ̀ tó sán bí kàn-ìn-kàn-ìn tuntun.

Tí ẹ bá rò pé iṣẹ́ ìyá àgbà ni gbogbo èyí, ẹ wo àwọn ẹgbẹ́ yín. Dan Kurzrock àti Jordan Schwartz ń pọn bíà nígbà tí wọ́n ń kàwé ní yunifásítì UCLA ní Los Angeles. Èérí ń pọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí fi ṣe búrẹ́dì tà kí wọ́n lè rówó ra ọkà míì. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ReGrained ti wá, tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ èérí àwọn ilé-iṣẹ́ ọtí di ìyẹ̀fun. Níbí náà, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Tristram Stuart yí i síbòmíì ní 2016: búrẹ́dì tí kò tà ló fi rọ́pò apá kan nínú ọkà, ó fi ṣe bíà tó pè ní Toast. Àwọn ará Burton upon Trent sì ti ń sọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìwúkàrà bíà di Marmite láti 1902. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Marmite pa búrẹ́dì láàárọ̀, ohun tó kù nínú ọtí lẹ ti ń jẹ látìgbà yìí.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín kò le. Kí garawa kan tó ní ìdérí máa wà níbi ìpàdé yín, kó jẹ́ ti èérí nìkan. Kí ẹni tí ó pọn ọtí lọ́jọ́ náà má gbé láílọ́ọ̀nù kankan sẹ́yìn ilẹ̀kùn títí gbogbo yín á fi mú tiyín lọ. Ẹni mẹ́sàn-án, kílò méje: kò sẹ́ni tí ìpín rẹ̀ á tó kílò kan, fìrísà wo ni kò gba ìyẹn? Nínú ìwé tí ẹ ti ń kọ iye hops àti ọjọ́ tí ọtí kan, ẹ fa ìlà kan sí i, kí ẹ máa kọ ohun tí èérí ọjọ́ náà dà síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lẹ́kkí, ọlọ́sìn ò jìnnà sí yín, òfin ibí yìí ò sì dè yín. Ẹ wá ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ewúrẹ́, kí ẹ gbé tútù fún un kí oòrùn tó mú. Á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń padà sí Iléṣà. Láílọ́ọ̀nù mẹ́fà ló wà nínú fìrísà, lábẹ́ ẹ̀gúsí, mo kọ déètì sí wọn lára. Èyí tó pẹ́ jù ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ìyẹ̀fun wà nínú agolo Mílò lórí fìríìjì. Asẹ́ tí mo mú wá láti ilé, mo ti fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, níbi tí láílọ́ọ̀nù dúdú máa ń wà.

Èmi ni tiyín,
Màmá láti Iléṣà